Fìríìjì Tí Wọ́n Gbé Padà Lọ

Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, abúlé wa lẹ́yìn Lálúpọn kò sì ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ní ọ̀kan fún yín, inú ì báà máa bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Rédíò ń pariwo nígbà náà pé ìlera gbọ́dọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé gbogbo èèyàn. Ìjọba ní bí abúlé bá lè kọ́ ilé, àwọn á fi nọ́ọ̀sì, oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára sí i. Àwọn bàbá wa gé búlọ́ọ̀kù, àwọn ìyá wa pọnmi láti odò, àwa ọmọdé ru yanrìn títí ọrùn fi ń ro wá. Ilé náà dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣí i, àwọn aláṣẹ gbé bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin wá, pẹ̀lú fìríìjì kékeré kan tó ń fi epo òyìnbó ṣiṣẹ́. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ èéyi ni yóò máa wà nínú rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò lóríṣiríṣi. Ọ̀gá wọn wá fa bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí aládùúrà paraku ni bàbá mi, omi àdúrà nìkan la sì fi ń wo àìsàn nílé wa.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín wá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ajé."

Bàbá mi ní, "Mo gbọ́. Màá kó wọn wá."

Kò rọrùn fún un. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ tilẹ̀ yẹra fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, ó gbé àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lé èjìká, ó fà mí lọ́wọ́, a lọ. Àgádágodo la bá lẹ́nu ọ̀nà. A yọjú láti ojú fèrèsé, kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí fìríìjì. Àgbà kan tí oko rẹ̀ wà nítòsí ló sọ fún wa pé ọkọ̀ tó kó àwọn ẹrù náà wá ló padà wá kó wọn lọ nígbà tí èrò túká. Wọ́n fẹ́ fi ṣí ilé ìwòsàn abúlé mìíràn.

Kí ọyẹ́ tó tán, èéyi wọlé. Ó pa ọmọ mẹ́ta. Àbúrò mi wà nínú wọn.

Ìyá mi kó àwọn obìnrin abúlé jọ. Wọ́n hú pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn náà sí níwájú ilé, wọ́n rù ú lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ, wọ́n sì tẹ́ ẹ síwájú ọ̀gá yẹn.

Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, ìyá. Ètò ìlera ti yí padà. Àwọn tó wà lókè ṣì ń jíròrò àtúntò."

Ìyá mi ní, "Bí ẹ ṣe ń jíròrò, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń gba ọmọ wa. Ibí la máa jókòó sí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Lọ́jọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì kan gbé abẹ́rẹ́ wá sábúlé nínú kúlà oníyìnyín. Oṣooṣù ló ń wá, títí wọ́n fi gbé e lọ síbòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò rọ́pò rẹ̀.

Lóde òní, ẹ̀yin lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àmọ́ àríyànjiyàn àtúntò yẹn kò tíì tán; ìjọba àpapọ̀ ń ti ẹrù sọ́dọ̀ ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ ń tì í sọ́dọ̀ ìbílẹ̀. Èyí tó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ mi hó jù ni tí wọ́n bá ní àìmọ̀kan àwa ará oko ló ń pa àwọn ọmọ wa, pé a kì í fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè pé, nígbà tí a gbé àwọn ọmọ wa dé, ta la bá nílé?