Òrí Lábẹ́ Ẹ̀gbà Ìjọba

Títí di òní, tí òórùn òrí bá ti kan imú mi, ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Bẹyẹrúnkà ni ọkàn mi ń lọ, níbi tí èéfín ọ̀kadà àti òórùn àkàrà ti máa ń bá ara wọn jà láàárọ̀. Ìwọ náà mọ ibẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Apá kan agboolé wa wà níhìn-ín, apá kejì wà lọ́hùn-ún, títì gba àárín kọjá, nítorí nígbà tí ìjọba ń fẹ títì, wọn kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ilé kan náà ni. Mo ti sọ fún gbogbo Ọjà'ba pé ọwọ́ òsì mi ni mo fi dá katapílà wọn dúró tí wọn kò fi wó ilé náà tán. Gbà á bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí yàtọ̀.

Wọ́n ká ọ̀kadà tí wọ́n jí gbé mọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ọ̀kadà ṣe ní Bẹẹrẹ. Ó ní oníbàárà ló gbé e wá fún àtúnṣe. Adájọ́ ní kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́, ṣùgbọ́n wọ́n de ẹ̀gbà dúdú kan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, irú èyí tó máa ń sọ ibi tí ènìyàn wà fún àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì. Wọ́n wá àgbà kan tí yóò máa ṣọ́ ọ nílé. Èmi tí mo kàwé dé Sítándáàdì Tírì, tí mo sì lè ka nọ́ńbà, èmi ni wọ́n mú. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ẹjọ́ fún mi ní fóònù kékeré kan.

"Bàbá, tó bá kọjá gọ́tà yìí, fóònù á ké. Tí ẹ̀gbà bá yà kúrò lára rẹ̀, á ké. Tó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ yọ ọ́ ni, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti máa dúró de ẹjọ́ o."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé èmi ni mo ṣọ́ Gbọ̀ngàn Màpó fún àwọn òyìnbó tí bíríkì kan kò fi sọnù. Ó wò mí títí, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Mo sì yọ ọmọbìnrin náà lẹ́nu lóòótọ́. Nígbà kan tí fóònù ké, torí pé ọmọ náà ń gbálẹ̀, ó fẹsẹ̀ kan kọjá gọ́tà, ọmọbìnrin yìí pè mí pé kí ló dé. Mo ní òkè Màpó ló sún díẹ̀ lẹ́yìn òjò àná, ó sì ti gbogbo wa síwájú. Mo gbọ́ tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún òkè kó jókòó sójú kan."

Ohun tó le níbẹ̀ ni ti ìyá ọmọ náà, opó ẹ̀gbọ́n mi. Òdìkejì títì ni yàrá rẹ̀ wà. Ibẹ̀ la sin ọkọ rẹ̀ sí, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun kúrò. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń lọ dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbà dé, etí gọ́tà níhìn-ín ló wá ń dọ̀bálẹ̀ sí. Ìyá á fi ọ̀pá gbára dúró lọ́hùn-ún, á máa kì í, ọ̀kadà á máa gba àárín wọn kọjá, fèrè á gbé oríkì mì, ìyá á sì tún un kì láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà mìíràn tilẹ̀ máa ń bá wọn ṣe "àmín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, mo jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó múlé tì wá, mò ń sọ bí mo ṣe bá ẹkùn jìjàkadì ní Kúdẹtì fún un, ni fóònù bá figbe ta lápò mi. Mo sáré wọlé. Mo bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, òun tí kò sọdá títì mọ́ láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó ti fi òrí pa á dé àtàǹpàkò, ó ti fa etí ìró rẹ̀ ya, ó sì ká a sábẹ́ ẹ̀gbà yí ẹsẹ̀ náà po.

"Ìyàwó! Kí lo ṣe yìí?"

"Akọ̀wé, ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ." Akọ̀wé ló ń pè mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé wa, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Kò gbójú sókè. "Ẹ ò rí i pé ó ń tiro? Láti ọ̀hún ni mo ti rí i pé kò lè dìde nílẹ̀ dáadáa. Irin yìí ti bó o lára. Ẹrù wo lẹ mọ̀ tí wọ́n ń rù láìsí òṣùká?"

Mo gbé fóònù sétí, ọmọbìnrin ilé ẹjọ́ ló ń pè. "Bàbá, ṣé ó ti yọ ọ́ ni?"

"Kò yọ ọ́ o. Ìyá rẹ̀ ló fi òrí pa á lẹ́sẹ̀, ó fi aṣọ tẹ́ ẹ."

"Bàbá, níjọ́sí, òkè ló sún. Lónìí, òrí ni?"

"Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Ẹ dúró síbẹ̀. Èmi àti ọlọ́pàá ń bọ̀."

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ̀ mí. Ọjọ́ tí mo gbé òótọ́ lásán dé ọjà, láìfi iyọ̀ sí i, ọjọ́ náà gan-an ni kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Ọmọ náà fẹ́ fa aṣọ náà yọ. "Mọ́mì, wọ́n á mú mi lọ o." Ìyá gbá a lọ́wọ́. "Jókòó jẹ́ẹ́. Kò tíì wọra."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá wọn. Ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin náà wọlé tìbínú-tìbínú. Ìyá gbójú sókè wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, káàbọ̀. Ṣé ìwọ lo ni irin yìí?"

"Ìjọba ni, mà."

"Bá mi sọ fún wọn pé mi ò yọ ọ́ o. Mo kàn fi nǹkan tẹ́ ẹ ni."

Ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀, ó fa aṣọ náà yọ díẹ̀díẹ̀. Awọ ti ṣí níbẹ̀, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, òrí ń dán lórí rẹ̀. Ó gbé fóònù tirẹ̀, ó pe ọ́fíìsì. "Mo ti débẹ̀. Kò yọ ọ́." Ó wojú mi. "Òrí ni."

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ẹ̀gbà náà, ó gbé e sí ẹsẹ̀ kejì, ó sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Wọn kò gbà kí ọmọ náà máa sọdá títì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ló ń sọdá wá bá a pẹ̀lú ike òrí. Bí iṣẹ́ bá gbé ọmọbìnrin yẹn wá láàárọ̀, òun ló máa ń dá ọ̀kadà dúró, á fa ìyá lọ́wọ́ kọjá.

Ilé ẹjọ́ dá ọmọ náà sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọdá, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Dípò kí ìyá kì í, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀tún, òsì, títí ó fi dá a lójú pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni oríkì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìjọba ní kí n ṣọ́ ọ, mo sì rò pé ẹni tó bá ti mọ ibi tí ènìyàn wà ti ṣọ́ ọ tán. Inú ilé kan náà la wà, mi ò rí i pé ó ń tiro. Tí mo bá sọ fún wọn ní Ọjà'ba pé òkè Màpó sún, wọ́n á ní kí n máa bá a lọ. Tí mo bá sọ ti òrí yìí, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ tún ti dé." Mi ò ń bá wọn jà. Ike òrí tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo máa ń ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n gbóòórùn rẹ̀.