Ohun Tí Bàbá Oníbọ̀wọ́ Fi Pamọ́

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Kílódé. Ara ìyá rẹ̀ ló ti jogún ìwà ìfura náà, obìnrin tó jẹ́ pé bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ojú yín dáadáa kó tó dáhùn. Nígbà tí ilé ìfọṣọ tí Kílódé ti ń lọ aṣọ kógbá sílé, ọ̀rọ̀ náà ya gbogbo èèyàn lẹ́nu àfi òun. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí àwọn òṣìṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tó tún mọ̀ ọ́n ṣe ni píánò. Àǹtí rẹ̀ kan ló kọ́ ọ nígbà ọmọdé, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Gbé ìwé orin síwájú rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ láìṣì. Gbé ìwé náà kúrò, ọwọ́ rẹ̀ á dúró gbagidi bí ẹni tí iná kú mọ́ lójú. Iṣẹ́ tó wá ṣí sílẹ̀ ní iléèwé ijó tó wà lókè ilé ìtajà bàtà kì í sì í ṣe iṣẹ́ orin inú ìwé. Màdáámù tó ni iléèwé náà á kàn pàtẹ́wọ́, á ní, "Ẹ fún mi ní nǹkan jẹ́jẹ́, oní-mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan-méjì-mẹ́ta, bíi ti àwọn olórin òyìnbó àtijọ́ tó ń dé irun funfun." Ẹni tó wà nídìí píánò á sì dá orin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, tí ẹ óò sì búra pé ó ti tó igba ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí àwọn ọmọ ijó ń pè ní Bàbá Oníbọ̀wọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí Màdáámù fúnra rẹ̀ ti ń jó níbẹ̀ lọ́mọdé. Oríkèé ìka ló wá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ibọ̀wọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá jókòó sídìí píánò. Màdáámù ní kó fi oṣù díẹ̀ kọ́ Kílódé, lẹ́yìn náà òun á gbọ́ ọ. Tó bá ṣe é re, iṣẹ́ ti di tiẹ̀. Tí kò bá ṣe é re, òun á wá ẹlòmíì.

Ibẹ̀ gan-an ni ara ti fu Kílódé. Ta ni í jókòó kọ́ ẹni tó fẹ́ gba àga ní ìdí rẹ̀?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá ní kó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ itan. "Jókòó lé e."

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ọwọ́ òsì nìkan. Dò, sọ̀, là, mì, fà, dò, fà, sọ̀. Tún un tẹ̀."

"Títí di ìgbà wo, sà?"

"Títí tó fi máa sú ọ. Tó bá ti wá sú ọ, tún un tẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Bàbá á jókòó sídìí píánò fún àwọn oníjó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á máa ṣàn bí omi. Tó bá kan Kílódé, ọwọ́ kan. Tó bá bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ti òkè, Bàbá á ní, "Ohùn ìsàlẹ̀ ni ilé. Ti òkè kàn ń jáde lọ ṣeré ni." Kílódé á mi orí, á ní ó yé òun, kò sì ní gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan gbọ́ níbẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn ń fi nǹkan pamọ́," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí Kílódé ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ń ká aṣọ. "Ibo ló fi í pamọ́ sí, inú ibọ̀wọ́?"

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tíì lo ọwọ́ ọ̀tún."

"Wá lò ó níbí. Abọ́ kún inú báńsìn."

Ó fọ abọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tètè dé iléèwé, ó ṣí inú àga píánò wò bóyá ìwé àṣírí kan wà níbẹ̀. Búrẹ́dì àjẹkù tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ló bá. Ó gbóòórùn rẹ̀ náà. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó tan fóònù rẹ̀ kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó ká kóòtù lé e, ó sì gbé e sórí píánò kí àwọn ọmọ kéékèèké tó wọlé. Bàbá dá orin kan lọ́jọ́ náà fún ẹsẹ̀ gbígbé, orin tó ń fà bí ọ̀sán tí kò fẹ́ ṣú. Kílódé gbé e délé, ó sì jókòó ti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ń kọ́ ọ lóhùn kọ̀ọ̀kan títí tó fi lè dijú tẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ wá dùn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi dù ú, ó ti fúnra rẹ̀ mú un.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn ọmọbìnrin àgbà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tí wọ́n ń dì mú lára ògiri. Bàbá jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé. "Ẹsẹ̀ sókè," Màdáámù wí. "Jẹ́jẹ́. Oní-mẹ́ta."

Kílódé bẹ̀rẹ̀ èyí tó jí. Orin náà jáde ní mímọ́ gaara, Màdáámù sì gbé ojú sókè. Níbi tí orin dé àárín, ìka rẹ̀ bọ́ sórí bọ́tìnì dúdú kan lára píánò, ó tún ṣe é, ó tún ṣe é, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ nínú fóònù. Ó wá gbọ́ ohùn kan lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

Kílódé parí orin, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó gbójú sókè, ó rí ẹsẹ̀ tó tò lọ rẹrẹẹrẹ lókè. Àwọn ọmọ kéékèèké ló jó lọ́jọ́ tó fi fóònù gba orin náà. Ẹsẹ̀ tiwọn kì í pẹ́ lókè. Àwọn àgbà wọ̀nyí ò tíì dé ìdajì àsìkò tiwọn.

"Orin dà?" Màdáámù bèèrè láìyíjú.

Kílódé wo Bàbá, ó dá a lójú pé òun á rí ayọ̀ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. Ó ń wò bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ jábọ́ látorí àkàsọ̀. Ẹsẹ̀ kan ti ń gbọ̀n lára ògiri. Ọwọ́ òsì Kílódé bá lọ fúnra rẹ̀: dò, sọ̀, là, mì. Ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ohùn kan, ohùn méjì, ó ń yọ́ rìn bí ẹni tó wọ ilé onílé. Ó ṣì í níbì kan. Níbòmíì, ó kàn dúró lójú kan. Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró títí Màdáámù fi sọ pé, "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀," tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn sì kan ilẹ̀ pọ̀.

"Bàbá, ìdajì àkọ́kọ́ yẹn jọ tiyín," Màdáámù wí.

"Tèmi ni. Tòun ti àṣìṣe mi ló kó o. Ìka mi ló yẹ̀ bọ́ sórí dúdú lọ́jọ́ náà, mo sì tún un yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ lè rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Èmi tiro, òun náà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tiro."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Kílódé débi pé ìbínú gbà á. "Kí lẹ wá ń fi pamọ́ fún mi? Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn!"

"Mo fi nǹkan pamọ́ fún ọ lóòótọ́."

Inú Kílódé fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn.

"Ọwọ́ ọ̀tún ẹ," Bàbá wí. "Ó ti mọ̀wé jù. Ká ní mo tètè tú u sílẹ̀ ni, inú ìwé ló máa sá padà sí."

Kílódé yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ó ti dùn jù; irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kéèyàn yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n Màdáámù ti pàtẹ́wọ́.

"Ẹ yí padà. Ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ tẹ èyí tẹ́ ẹ fi parí yẹn."

"Mi ò rántí ẹ̀ mọ́, Màdáámù."

"Ẹ tẹ òmíràn, nígbà náà."

Ó tẹ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹsẹ̀ wọn, nítorí kò fọkàn tán ọ̀kankan nínú wọn pé á sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó yẹ. Bí èyí bá fẹ́ yá jù, ó fi orin fà á sẹ́yìn. Bí tọ̀hún bá ń lọ́ra, ó dúró dè é. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Màdáámù mú aṣọ ìnura rẹ̀.

"Ẹ tètè dé lọ́la."

"Ọ̀la nìkan ni, àbí lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbà mí?"

Màdáámù nawọ́ sí àwọn ọmọ tó ń tú bàtà. "Ẹ bi ẹsẹ̀ wọn."