Sáà Àwọn Ẹranko Ńlá Ti Parí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Dutse Alhaji, l'Abuja níbí, nítorí inú ṣì ń bí mi!

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ ọmọ àwọn ará ẹgbẹ́ ìlú wa ní Yorùbá nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ẹ mọ àwọn ọmọ Abuja: wọ́n á gbọ́ ọ, wọn ò ní lè sọ ọ́. Mo ní kí n fi ohun tí wọ́n fẹ́ràn kọ́ wọn. Kí sì ni ọmọdé fẹ́ràn tó dáínásọ̀, àwọn ẹranko ràbàtà ayé àtijọ́ tó ti kú run?

Mo ṣàlàyé pé ayé yìí ti pẹ́ kọjá ohun tí ẹnu lè sọ, àti pé àwọn onímọ̀ nípa àpáta pín ọjọ́ orí rẹ̀ sí sáà-sáà. Inú àpáta ni wọ́n ti ń kà á. Ìpele ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń pẹ́ jù. Bí wọ́n bá gòkè, tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tó wà nísàlẹ̀ kò sí mọ́, wọ́n á ní sáà kan parí níbẹ̀, òmíràn bẹ̀rẹ̀. A ya á sórí kádíbọ́ọ̀dù, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáínásọ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà: SÁÀ ÀWỌN ẸRANKO ŃLÁ TI PARÍ.

Àṣé mo ti sọ̀kò sọ́jà, ó ti bá ará ilé!

Alága ẹgbẹ́ wa wọlé, Alhaji kan tó ń ta èso ní Zuba. Èèyàn ńlá ni, ní ara àti ní ariwo. Ó ka ògiri, ó wò mí, ó tún un kà. Bẹ́ẹ̀ ni, "ó" ni mo pè é. Ọ̀wọ̀ ti tán!

"Kai! Èmi lẹranko? Ta ló sọ fún ẹ pé sáà mi ti parí?"

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo nawọ́ sí dáínásọ̀. Ó ní àwọn tó fẹ́ gba ipò òun ló rán mi. Ó fa kádíbọ́ọ̀dù ya lójú àwọn ọmọ tó ya àwòrán rẹ̀, ó lé wa jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní a ò ní kọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi tí mo bá tọrọ àforíjì nípàdé. Ẹ gbà mí! Nítorí dáínásọ̀?

Nítorí àwọn ọmọ, mo lọ sípàdé. Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi dìde, mo ní:

"Ẹ má bínú, sà. Sáà dáínásọ̀ ni mo ní ó parí. N ò mọ̀ nípa tiyín."

Ni ìyá àgbà kan bá béèrè pẹ̀lẹ́ pé, ìgbà wo gan-an ni sáà Alága ń parí? Gbogbo wa yíjú sí akọ̀wé. Akọ̀wé ṣí ìwé ẹgbẹ́. Ó ní sáà Alága ti parí lọ́dún tó kọjá.

Ariwo sọ! Alága kó kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn sápò, ó bínú jáde. Kò tíì dá a padà títí di òní. Abẹ́ igi ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tọ́kàn rẹ̀ mọ́ kì í bá àwòrán jà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ọ̀rọ̀ tí kò kàn án bá yín jà rí? Ẹ sọ tiyín fún wa. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bá Alága bẹ̀ mí o, n ò tíì dárí jì í!