Ọjọ́ tí Màmá Mi Ṣe Aláìsàn fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mi

Lọ́dún tí ìjọba ti ẹnubodè pa, Ìlaròó ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe máa dúró ti ẹni tó ń kú lọ. Ọmọláńgidi onírọ́bà la fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọláńgidi kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo bá bẹ Màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n wá dùbúlẹ̀ ṣe bí aláìsàn.

Mo kọ ohun tí wọ́n máa sọ sínú ìwé: inú ń run wọ́n, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn máa yè é. Mo sì kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má sọ "ẹ ò ní kú" fún aláìsàn, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ wọlé ló sọ ọ́. Mo fún wọn ní òdo, mo tún fi èébú lé e.

Ẹnì kẹrin ni ọmọbìnrin kan láti Ẹ̀gùá tí mo ti kà sí olódo. Ó fa àga, ó di Màmá lọ́wọ́ mú.

"Màmá, kí ló wà lọ́kàn yín?"

Màmá ò wo ìwé mi. "Kókó kan wà lọ́mú mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Àbúrò mi tó wà ní Pọ́bẹ̀ lódìkejì ẹnubodè nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, àwọn sójà ò sì jẹ́ kó kọjá wá."

Mo rò pé wọ́n ń fi iyọ̀ sí eré ni. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọ́n tú bọ́tìnnì bùbá wọn, mo rí òwú tí wọ́n fi bo ọmú, omi egbò ti mú un rin gbingbin. Ilé kan náà là ń gbé o, èmi nọ́ọ̀sì!

"Ẹ ò ní kú!" Ẹnu mi ló ti jáde. "Màmá, ẹ ò ní kú lórúkọ Jésù!"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dé bọ́tìnnì wọn padà.

Ọmọbìnrin yẹn ò fi wọ́n sílẹ̀, ó yíjú sí mi. "Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀."

Mo wo Màmá, mo ń retí kí wọ́n bá a wí.

"Máa lọ, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Tí mo bá sọ ọ́ tán fún un, á wá sọ fún ẹ."