Àárọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí Àbúrò Mi Má Jẹun

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ọyẹ́ kan mú wa ní Bàrígà tí mi ò tíì gbàgbé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kùrukùru bo ojú ọ̀sà pátápátá. À ń gbọ́ ohùn àwọn apẹja lórí omi, ṣùgbọ́n a ò rí ọkọ̀ wọn. Ètè gbogbo wa ti là. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń sọ pé ooru ń pa yín, ẹ ò mọ irú òtútù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún àbúrò mi ọkùnrin. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà náà. Tó bá ti sunkún, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ á wú síta bí ẹyin. Bàbá wa ti lọ pẹja lọ́nà jíjìn, ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè jáde. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, ló máa gbé e lọ sí ọsibítù tó wà lọ́nà Ṣómólú, èmi ni màá ru ẹrù tẹ̀lé wọn.

Etí omi Ìlàjẹ ni ìyá àgbà ti wá. Ẹja ni wọ́n ń yan, iná ti sọ ìka ọwọ́ wọn di líle bí èèpo igi. Wọn kì í bẹ̀rù ohunkóhun àfi ebi. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí o tó kí wọn tán, oúnjẹ ti dé iwájú rẹ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ rí dókítà, nọ́ọ̀sì kan tó sanra, tó ń yára sọ̀rọ̀, ti kìlọ̀ fún wa. Ó ní, "Ìyá, láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń gbé e bọ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu. Omi pàápàá, rárá. Tí a bá fún un ní oògùn oorun, tí oúnjẹ wà nínú ikùn rẹ̀, ó lè bì, kí èébì gba ibi tó fi ń mí lọ. Ó lè kú mọ́ wa lọ́wọ́ o." Ìyá àgbà ní àwọn ti gbọ́. Ìgbà tí a dé ojú títì ni wọ́n tó pòṣé.

"Ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi abẹ gé, wọ́n tún fẹ́ fi ebi pa á. Agbára wo ni yóò fi dúró?"

Mo rò pé ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọlọ́yẹ́ yẹn, mo lọ sẹ́yìn ilé láti bu omi, mo bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Àbúrò mi jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, àkàrà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà gbójú sókè, wọ́n wò mí. Ẹ mọ̀ pé láyé ìgbà yẹn, àgbàlagbà kì í lanu kó tó bá ọmọ wí. Ojú yẹn ní kí n panu mọ́. Mo bu omi mi, mo padà sínú ilé.

A fẹsẹ̀ rìn. Àbúrò mi wà lẹ́yìn ìyá àgbà, ó ń kọrin, ó sì tún ń gùfẹ̀. Bó bá ti gùfẹ̀ báyìí, màá gbójú sókè wò ó. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rò ó. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti dójú ti ìyá tó bí bàbá mi lójú àlejò. Tí mi ò bá sì sọ, bóyá èmi àti ìyá àgbà nìkan la máa padà sílé.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló pàdé wa. "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o. Ọkọ mi, kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kò fẹnu kan nǹkan kan," ìyá àgbà ti dáhùn kí àbúrò mi tó lanu.

Wọ́n wọ aṣọ fún un, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Ó ní ṣé mọ́tò ni. Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ́tò ni, ìwọ ni dírẹ́bà." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ. Bí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe ṣí, mi ò mọ ìgbà tí mo di aṣọ nọ́ọ̀sì mú.

"Tú mi sílẹ̀ jàre, má fa aṣọ ìjọba ya!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó mu ẹ̀kọ. Ó jẹ àkàrà náà."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ta ló fún un?" Mo wolẹ̀.

"Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀," ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. "Èmi ni."

"Háà, ìyá! Ẹ̀ bá ti pa á o!"

Dókítà jáde. Kò pariwo. Ó ní kí a jókòó, kí oúnjẹ náà dà, pé bó di ìrọ̀lẹ́, òun ò ní tíì lọ. A jókòó. Àbúrò mi sunkún ebi títí ó fi sùn. Ìyá àgbà lọ jókòó sí ìparí bẹ́ńṣì, wọn ò kọjú sí mi. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé níkẹyìn, ètè ìyá àgbà ń mì, àdúrà ni wọ́n ń gbà. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, àwa méjèèjì á dìde, a ó tún jókòó.

Ó pẹ́ gan-an kí nọ́ọ̀sì tó yọjú. "Ìyá, ọkọ mi ti jí. Ó ní òun ò fẹ́ mi mọ́ o!" Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún. Síbẹ̀ wọn ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Láìpẹ́ yìí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ ọmọ mi ní Ṣómólú níbí, nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ náà gan-an ló bi léèrè ohun tó jẹ, ọmọ náà sì dáhùn gbangba, kò wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó sọ̀rọ̀. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún ṣe mí bákan, nítorí ojú tí a fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n kà mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, èyí tó ń jẹ́ kí ọmọ jí ni màá mú.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ àbúrò mi nígbà náà lọ́hùn-ún, a ṣì wà nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà ló kàn fún iṣẹ́ abẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́, obìnrin náà tú báàgì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn. Ìyá àgbà wò ó. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Kí lò ń wò? Ṣebí ìwọ lẹlẹ́nu. Dìde, lọ sọ fún un."

Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fún un."