Ẹyin Inú Ìbọ̀sẹ̀

Títí di òní, bí wọ́n bá ń se ẹyin nínú ilé wa, ìta ni mo máa ń jáde sí. Ìyá ọkọ mi rò pé oyún ni, ó ti ṣe àdúà lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì ń tì mí láti sọ fún un pé oyún kọ́. Ẹyin kan ṣoṣo ló ba gbogbo ẹyin jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu, ẹyin ọmọ ọlọ́mọ sì ni.

Mo rántí ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Ìwé girama ni mo kà mọ, mo sì fẹ́ iṣẹ́ tí n ó máa wọ bàtà lọ, tí àwọn ènìyàn á máa pè mí ní àǹtí. Láràárọ̀ Sátidé, n ó gbé ọmọ fún ìyá ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo tí wọ́n fẹ́ mi sí, n ó sì lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Alékúwodò, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóòmù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń fọ ọwọ́ ọmọ, bí a ṣe ń nu imú rẹ̀, àti pé ti ọmọ ni oúnjẹ ọmọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé àti Wẹ́sìdé, a ó lọ fi iṣẹ́ náà dánra wò ní ilé-ìwé tí wọ́n bá pín wa sí. Olùkọ́ tí a bá bá nínú kíláàsì ni yóò fọwọ́ sí ìwé wa ní ìparí táàmù. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kò sí sàtífíkéètì. Inú ọ̀rá ni mo fi ìwé tèmi sí, bí ìgbà tí ènìyàn ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní láti sọ ohun kan. Ọmọ Iléṣà ni mí. Nílé wa, ọmọdé kì í fi ṣíbí kan ẹnu kó má kọ́kọ́ sọ fún àgbà tó wà níbẹ̀ pé, "Ẹ wá jẹun." Àgbà á ní, "Á gba ibi ire o." Ó parí. Kò sí ẹni tí í na ọwọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Ìkíni ni, kì í ṣe oúnjẹ." Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ọmọdé pè jẹun lọ́jọ́ kan, tó jókòó, tó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Wọ́n-pè-mí ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí tó fi kú.

Jẹ́lé-ó-sinmi kan ni wọ́n pín mi sí, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ ò tóbi ju ìwé pélébé lọ. Obìnrin tó rí rìbìtì ni olùkọ́ kíláàsì náà. Ó mọ orin kọ, ìwé kíkọ rẹ̀ sì dára bí ìwé ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó tó àkókò oúnjẹ, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ, kí ni a máa ń sọ?"

"Àǹtí, ẹ wá jẹun!"

Inú mi dùn. Èmi òmùgọ̀ ń rò ó lọ́kàn mi pé ilé-ìwé tó kọ́ ọmọ nílé-ìwé tó tún kọ́ ọ nílé rèé, n ó kọ ọ́ sínú ìròyìn mi. Àfi bí obìnrin yìí ṣe mú ṣíbí jáde nínú báàgì rẹ̀. Áńkáṣíìfù tó fi nu ikun imú ọmọ kan láàárọ̀ náà ló fi wé ṣíbí ọ̀hún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti tábìlì àkọ́kọ́. "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Ó bu ìrẹsì nínú kúlà tibí, ó ṣa dòdò nínú tọ̀hún. Ó gé ẹran ọmọ kan sí méjì láàárín eyín rẹ̀, ó dá ìdajì padà sórí ìrẹsì pẹ̀lú itọ́ tó ń fà gbọ̀ọ̀rọ̀. Kò fọ ṣíbí, ó ń lá a ni. Ọmọ tó ń wúkọ́, ó bù níbẹ̀. Ọmọ tó ti pọ oúnjẹ padà sínú abọ́, ó bù níbẹ̀ náà. Ọmọ tí kò bá tètè pè é, á ní, "Ahun! Ṣé bí ìyá ẹ ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Ó rí ojú mi. "Ìyàwó, má wò mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n pè mí."

"Àǹtí, ṣé kì í ṣe ìkíni lásán ni?"

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà! Tí wọ́n bá kí ẹ nílé yín, ṣé o kì í dáhùn ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ìrẹsì ta jáde lẹ́nu rẹ̀ sí mi lápá. Ó ní owó iṣẹ́ náà ò bọ́ òun yó, pé ta ló fẹ́ kí òun fi ebi kọ́ ọmọ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Mo kàn ń sọ nínú mi pé ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n inú mi náà ni mo ti sọ ọ́, nítorí ìwé tó wà nínú ọ̀rá.

Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá ń bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Ní Wẹ́sìdé kan, òjò pa mí láti ilé, mi ò jẹ nǹkan kan jáde. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ oúnjẹ, ọmọbìnrin kan tí wọ́n di ṣùkú fún gbé ẹyin sísè rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ó yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ wá jẹun." Mo la ẹnu láti sọ pé á gba ibi ire. Mi ò mọ bí ẹyin ṣe dé inú ẹnu náà. Gbogbo rẹ̀ ni mo jẹ, pẹ̀lú ìdọ̀tí ìka ọmọ tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ṣófo, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lá a.

Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Áà, ìwọ náà ti di tíṣà."

Nígbà tó di Mọ́ńdé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yàrá náà ń rùn bí ibi tí eku kú sí. Olùkọ́ ní ọmọ kan ti ya ìgbẹ́ sára, kí n yẹ ìdí wọn wò. Mo tú ṣòkòtò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló mọ́. Imú mi ló mú mi dé ìdí báàgì ọmọ oníṣùkú. Ìbọ̀sẹ̀ ìpààrọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń ká sí ìsàlẹ̀ báàgì ni mo fà yọ. Ẹyin mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Èyí tòní ṣì funfun, àwọn méjì yòókù ti di àwọ̀ ewéko, wọ́n ti fọ́, wọ́n ń yọ omi sí mi lọ́wọ́.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi kó wọn síbẹ̀.

"Mo tọ́jú ẹ̀ ni. Kí wọ́n má baà jẹ ẹ́."

"Ta ni?"

Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ náà nawọ́ sí olùkọ́. Ó fi ìka kan ètè mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ̀ pé ọjọ́ méjì péré ni mo ń wá lọ́sẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sá ẹyin rẹ̀ pa mọ́ fún mi.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti mú un lọ, aránṣọ ni, òwú ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, olùkọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní alágídí lọ́mọ yìí, pé kì í jẹun, oúnjẹ ló ń kó pa mọ́, kí wọ́n fi ẹgba kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ nílé. Ìyá náà wo ọ̀rá tí mo kó ẹyin sí, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹyin tí mò ń jí sè fún ẹ láràárọ̀!" Ọmọ náà ò sunkún. Èmi ló ń wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi.

"Màmá, ẹ má nà án," ni mo ní. "Èmi ni mo jẹ ẹyin ẹ̀. Nítorí mi ló ṣe ń kó wọn pa mọ́." Mo sọ ti ṣíbí náà.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" ni olùkọ́ wí.

Ìyá náà ò tilẹ̀ wò ó. "Ẹ̀yin? Ẹ jẹ ẹyin ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó pọn ọmọ náà, bó tilẹ̀ ti tóbi ju ẹni à ń pọ̀n lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mú un wá síbẹ̀ mọ́. Ì bá sàn fún mi kó gbá mi létí.

Olùkọ́ kò fọwọ́ sí ìwé mi. Ó fi ìwé kíkọ rẹ̀ tó rẹwà yẹn kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Odindi táàmù kan ni mo tún fi ṣe é ní ilé-ìwé mìíràn ní Iléṣà, lọ́dọ̀ ìyá mi. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó kọ́kọ́ fi Ìjẹ̀ṣà bú mi, èyí tí mi ò ní kọ síbí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹnu tó jẹ ẹ́ náà ló sọ ọ́. Ó kù díẹ̀ kí n máa pè ẹ́ ní Wọ́n-pè-mí."

Mo ti gba sàtífíkéètì náà báyìí, Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ pé obìnrin yẹn ṣì wà ní kíláàsì rẹ̀, ṣíbí náà sì wà. Ìríra rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi, ṣùgbọ́n ìríra ara mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá pè mí jẹun, n ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, n ó ní á gba ibi ire. Ní táàmù yìí, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti ilé-ìwé mìíràn, kì í ṣe oníṣùkú. Kì í pe ẹnikẹ́ni jẹun. Bí mo bá ti ń bọ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń bo kúlà rẹ̀. Àwọn yòókù ní ahun ni. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo máa ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ó kọ ẹ̀yìn sí i, títí n ó fi gbọ́ tí ṣíbí rẹ̀ ń ha ìdí abọ́.