Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Jìn Mọ́

Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é mọ́. Sùnre ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé bó bá ti gbé bẹ́ẹ̀dì lé oníbàárà lọ́wọ́ tán, ohun tó máa ń sọ náà ni pé, "Ẹ sùn re o!" Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti sòfá ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Èérún fóòmù kì í tán nínú irun rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á máa ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, á ní, "Bàbá, ewú yín ò tíì tó ni, tẹ́ ẹ tún ń fi fóòmù kún un?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu rẹ̀ fún yín, torí ẹnu yẹn ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Sùnre gbà pé kò sí ẹ̀yìn ríro kan láyé yìí tí kì í ṣe ẹjọ́ bẹ́ẹ̀dì. Awakọ̀ wọlé, ó di ìbàdí mú: bẹ́ẹ̀dì ni. Aránṣọ ń ké "ẹ̀yìn mi o": bẹ́ẹ̀dì náà ni. Á tẹ̀ lé e délé, á ní kó dùbúlẹ̀ sórí èyí tó ń lò, kó dìde, á wá wo kòtò tí ara rẹ̀ fi sílẹ̀, á mi orí bíi dókítà. "Ṣé ẹ rí i? Ibi tó jìn yìí ló ń pa yín. Fóòmù gidi kì í rántí ẹni tó sùn lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dìde, ó ti gbàgbé yín nìyẹn." Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà wá dúpẹ́. Ìyẹn gan-an ló kó bá a. Ẹni tí wọ́n ti ń yìn láti ọjọ́ pípẹ́, ta ló máa sọ fún un pé ibòmíì lọ̀rọ̀ wà?

Nígbà tí ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìyàwó rẹ̀, inú Sùnre fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ẹ má bínú, bó ṣe rí nìyẹn. Ó ní, "Ìyá wa, ìwọ tó o fẹ́ oníbẹ́ẹ̀dì! O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni!" Ó tú bẹ́ẹ̀dì wọn palẹ̀, ó fi fóòmù líle sí i. Kò ṣiṣẹ́. Ó tún un tú, ó fi èyí tó rọ̀ lé èyí tó le. Òfo. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù ló ti máa ń bá obìnrin náà, tó jókòó, tó tẹ̀ síwájú, tó gbé orí lé tábìlì tí wọ́n fi ń gé fóòmù, tó fi apá kan di ikùn mú.

"Ṣé bẹ́ẹ̀dì mi wá burú tó bẹ́ẹ̀, tó o fi ń sun orí tábìlì?"

"Bàbá, mo ti sọ fún yín, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á máa gún mi látinú ikùn dé ẹ̀yìn. Tí mo bá tẹ̀ síwájú báyìí, á dẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá sì jẹun tán ló máa ń le jù."

"Ṣé ẹ̀yìn ló ń bá ẹ jẹun ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́." Sùnre náà rẹ́rìn-ín, ó mú abẹ́rẹ́ gígùn rẹ̀, ó tún lọ tú bẹ́ẹ̀dì. Nínú gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ, "tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀" nìkan ló wọ̀ ọ́ létí. Ẹ̀yin náà ṣáà gbọ́ èyí tó kù. Òun ò gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin wọn wá kí wọn láti ilé ọkọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ìyá lọ sí ọsibítù. Bàbá fàáké kọ́rí. "Kí wọ́n tún lọ fún un ní oògùn ara ríro tí à ń rà lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ mi." Ìyá fa ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Fi bàbá rẹ sílẹ̀," ó ní. "Iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ń fẹ́ràn èèyàn. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ò wò mí sàn, kí ló tún kù tó máa ṣe fún mi?" Torí ìyẹn ló ṣe ń lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀ ní gbogbo alẹ́, tó ń fara dà á títí tí kò fi ní lè fara dà á mọ́.

Nígbà tó ṣe, iṣẹ́ wá dà bí ẹni pé ó yọrí. Ní àràárọ̀ ni Sùnre máa ń lọ wo ẹ̀gbẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ sùn. Bó ti wù kó tún bẹ́ẹ̀dì ṣe tó látọdún yìí wá, kòtò ìbàdí obìnrin yẹn kì í ṣàì hàn níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, kòtò náà ń kéré sí i. Ìgbà tó yá, kò jìn mọ́ rárá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ayọ̀ gbé e. Ó sáré pe káfíńtà tó ń bá a kan férémù bẹ́ẹ̀dì.

"Wá wòran! Ibi tó sùn rèé, kò sí àpá! Mo ti rí i! Kò sẹ́ni tó to fóòmù báyìí rí!"

Káfíńtà wo bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ìyàwó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o," lohun tó sọ. Ta ló fẹ́ ba ayọ̀ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́?

Ọjọ́ tí funfun ojú ìyá pọ́n bíi pupa ẹyin, ọmọ ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mọ́tò ló gbé wá. Ní ọsibítù, wọ́n gbẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò inú. Dókítà tó pè wọ́n wọlé kò dàgbà ju ọmọ wọn lọ. Ó ní, "Bàbá, ìgbà wo ni ìyá ti ń rù báyìí?"

"Rírù kẹ̀? Ara rẹ̀ ti ń dá díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí mo ṣe fún un, ó sùn lé e, kò tiẹ̀ jì..."

Áà! Ẹ wo ọkùnrin tó mọ ìwọ̀n ara gbogbo ará àdúgbò láti ara kòtò bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe fóòmù ló le. Obìnrin náà ló ti fúyẹ́. Ó ń tán lọ lójú rẹ̀, òun ń pe káfíńtà wá wòran. Ó bojú wo ìyàwó rẹ̀, àfi bíi pé ìgbà tó ti rí i kẹ́yìn ti pẹ́.

Dókítà rọra ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀yìn ríro pọ̀ tí kò ti ọ̀pá ẹ̀yìn wá: kíndìnrín lè fà á, ilé ọmọ lè fà á, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn náà lè fà á. Ti ìyá, jẹjẹrẹ ni. Ó mú ẹ̀yà ara kékeré kan tó ń bá wa da oúnjẹ, tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlùkù, tó fẹ̀yìn ti ẹ̀yìn, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀.

"Ká ní mo tètè gbé e wá ńkọ́?"

Dókítà wolẹ̀. "Irú èyí máa ń sá pamọ́, bàbá. Mi ò lè sọ." Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyẹn ló sì burú jù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Sùnre ti fi í sílẹ̀, ó ń rán bẹ́ẹ̀dì.

Oògùn ìrora tó lágbára ni wọ́n fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Bí wọ́n ṣe délé, Sùnre fa àga sídìí tábìlì. Ó ní, "Ìyá wa, fi bó o ṣe fẹ́ jókòó hàn mí." Láti ọjọ́ tí ẹ̀yìn ti ń dun obìnrin náà, ìgbà àkọ́kọ́ tó béèrè nìyẹn. Ó wọn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó wọn iwájú orí rẹ̀, ó gé fóòmù tó rọ̀ jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rán tìmùtìmù kan sórí tábìlì tí ìyàwó lè fi àyà lé, kó sì gbé orí lé. Kò pẹ́ lọ títí, ó ti parí. Ìyá tẹ̀ síwájú, ó sinmi lé e, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, èyí dáa."

Omi lé sójú ọkùnrin náà. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín," ó ní. Kò bínú. Ó na ọwọ́, ó ṣa èérún fóòmù kan kúrò nínú irun rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyá lọ, lórí tìmùtìmù yẹn. Ọkọ rẹ̀ ń rán ẹ̀yìn sòfá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ròyìn ìjà tí káfíńtà bá oníbàárà kan jà fún un. Ó dé ibi tí ẹ̀rín wà, ó dákẹ́ dè é. Kò gbọ́ ẹ̀rín.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ yàrá, tí ọmọ ń sunkún, Sùnre padà wá sídìí tábìlì. Ibi tí ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì wà ṣì jìn, ibi tó gbé iwájú orí lé náà jìn. Bó ṣe ń wò ó, fóòmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra díẹ̀díẹ̀. Ó sáré fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Dúró," ló ń wí. "Jọ̀ọ́, má tíì gbéra." Ọmọ rẹ̀ wá dì í mú lẹ́yìn, ó ní, "Bàbá mi, ẹ fi sílẹ̀." Ó fi sílẹ̀. Kòtò náà kún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Fóòmù gidi ni, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án.